Bí A Ṣe Ń Fi Ẹjọ́ Dókítà Sùn Kí Ẹjọ́ Náà Lè Dúró

Ẹ má fi ìbínú kọ ìwé ẹ̀sùn. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, wọ́ọ̀dù ìyá ọlọ́mọ àti wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni mo ti ṣiṣẹ́ jù. Mo ti rí ìwé tó yẹ kó mú dókítà dáhùn, àmọ́ tó kàn jókòó sínú fáìlì torí pé ẹni tó kọ ọ́ kò sọ ọjọ́, kò sọ aago, kò dárúkọ ẹnì kankan. Èébú àti èpè ló kún inú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti padà sí Ìbàdàn ni àwọn aládùúgbò ti ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá mi pé, "Màmá, ẹ bá wa wò ó." Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo kọ síbí.

Kí ẹ tó mú bírò, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí dókítà ṣe gan-an. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó kú sọ́wọ́ dókítà ni dókítà pa. Mo ti wà níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ya lára abiyamọ, tí gbogbo wa sá sókè sá sódò, tí a kò sì rí i dá dúró. Ìyẹn kì í ṣe ìwà àìtọ́. Ìwà àìtọ́ ni kí dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ láìsọ ohun tó fẹ́ ṣe fún aláìsàn. Ìwà àìtọ́ ni kó fi aláìsàn sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó lọ máa ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tirẹ̀, kó tú àṣírí àìsàn ẹni fún ẹni tí kò kàn, kó kọ ìwé àìsàn fún ẹni tí ara rẹ̀ le koko. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó fọwọ́ kan obìnrin níbi tí àyẹ̀wò kò dé, tàbí kó fi ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ dókítà síbi iṣẹ́ kí onítọ̀hún máa fún èèyàn lábẹ́rẹ́.

Ẹjọ́ kan wà tí mo máa ń tọ́ka sí. Ní 1991, obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà ní òun ò ní gba ẹ̀jẹ̀. Dókítà Okonkwo tọ́jú rẹ̀ láìfa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, obìnrin náà sì kú. Ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí ní kí dókítà náà lọ gbélé fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 2001, ilé ẹjọ́ sì dá dókítà láre, torí pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìtọ́jú. Aláìsàn kú lóòótọ́, síbẹ̀ wọn kò bá dókítà ní ẹ̀bi. Òdì kejì rẹ̀ wà pẹ̀lú: ara aláìsàn lè dá ṣáṣá, kí dókítà sì ti hùwà tó yẹ kó dáhùn fún.

Bàbá kan láti apá Mọ́níyà gbé tirẹ̀ wá bá mi. Ohun tó kọ́kọ́ kọ rèé: "Dókítà ìkà yìí àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ba ayé ìyàwó mi jẹ́ torí pé tálákà ni mí, Ọlọ́run yóò bá wọn jà." Mo ní kí ó jókòó, kó sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ láti gbé ọmọ jáde nínú ìyàwó rẹ̀. Ọmọ yè, ìyá yè. Nígbà tó yá ni wọ́n lọ síbòmíràn fún àyẹ̀wò, tí dókítà ibẹ̀ sọ fún wọn pé obìnrin náà kò ní ilé ọmọ mọ́. Wọ́n ti yọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ jáde, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Mo ṣàlàyé fún bàbá náà pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya tí kò dá, yíyọ ilé ọmọ lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó gba ẹ̀mí ìyàwó rẹ̀ là. Ó dákẹ́. Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn fún un rí. Bó bá kọ ọ́ pé wọ́n yọ ilé ọmọ láti fi ṣèkà, dókítà yóò mú àkọsílẹ̀ tíátà jáde, ẹjọ́ yóò parí síbẹ̀. Àmọ́ pé wọ́n yọ ọ́ tán, wọ́n sì dákẹ́, wọ́n jẹ́ kí obìnrin náà máa retí oyún, kò sí àkọsílẹ̀ tíátà tó lè gbè wọ́n níbẹ̀. A pa ìwé àkọ́kọ́ rẹ́, a sì kọ èyí:

"Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ abẹ láti gbé ọmọ jáde. Kò sí ẹni tó sọ fún èmi tàbí ìyàwó mi pé wọ́n lè yọ ilé ọmọ. Wọ́n yọ ọ́, wọn kò sọ fún wa lọ́jọ́ náà, wọn kò sọ lọ́jọ́ tí a kúrò ní wọ́ọ̀dù, wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fún wa lọ sílé. Ilé ìwòsàn mìíràn ni a ti gbọ́. Mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ bi dókítà náà ìdí tó fi yọ ọ́ àti ìdí tí kò fi sọ fún wa."

Ọjọ́, orúkọ dókítà àti nọ́ńbà káàdì wà lókè ìwé náà. Ẹ kíyè sí i pé kò sí "ìkà" níbẹ̀, kò sí "apànìyàn." Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ nìkan ni.

Òfin wà lẹ́yìn irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014 sọ pé kí òṣìṣẹ́ ìlera ṣàlàyé àìsàn, ìtọ́jú àti ewu tó wà nínú rẹ̀ fún aláìsàn, ní èdè tó yé e. Ìyá arúgbó tí wọ́n na fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì sí kó tẹ ìka, kò tíì gbọ́ àlàyé kankan. Ó dùn mí púpọ̀ pé a ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Òfin kan náà ló kọ̀ fún ilé ìwòsàn láti lé ẹni tó wà ní pàjáwìrì padà. Ẹni tó bá ṣe é lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó gba méjèèjì. Ní ti ẹni tí ìbọn bá, òfin 2017 ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ bó bá tiẹ̀ wá láìmú ìwé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Ẹ̀rí ló kàn, òun ló sì gba iṣẹ́ jù. Ẹni tó bá ń ṣọ́ aláìsàn kó ní ìwé kékeré kan lápò, kó sì máa kọ ọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: "4:10 òru, mo pe nọ́ọ̀sì. 4:20, ó dé, ó wọn ìfúnpá, ó ní òun ń pe dókítà. 7:15, dókítà dé." Ìlà mẹ́ta yìí lágbára ju ojú ìwé mẹ́wàá tí ẹ bá kọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé àwa nọ́ọ̀sì náà ń kọ tiwa. Bí a bá pe dókítà, a máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé a ti fi tó o létí, a ó sì kọ aago sí i. Bí tiyín bá bá tiwa mu, kò sí ẹni tí yóò ní ẹ fi purọ́. Ẹ tọ́jú rísíìtì oògùn, páálí oògùn, ìwé àyẹ̀wò, ìwé tí wọ́n fi ní kí ẹ máa lọ sílé. Ẹ ya ojú egbò ní fọ́tò, kí ọjọ́ hàn lára rẹ̀.

Ẹ má jí fáìlì. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn pé ẹ fẹ́ ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín, kí ẹ sì mú ẹ̀dà lẹ́tà náà dání kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i pé àwọn ti gbà á. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 ka rírí àkọsílẹ̀ ẹni mọ́ ẹ̀tọ́ méjìlá tó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ yẹn di ẹ̀rí pẹ̀lú.

Bí aláìsàn bá ti kú, ọ̀rọ̀ náà wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mùsùlùmí ni mí, mo mọ bí a ṣe ń kánjú sìnkú. Ṣùgbọ́n bí ìfura gidi bá wà, àyẹ̀wò òkú ló lè sọ ohun tó pa á. Lẹ́yìn ìsìnkú, "ó ní" àti "mo ní" ló máa ń kù. Ní Èkó, òfin ti wà láti 2007 tó fàyè gba kọ́rónà, ìyẹn adájọ́ tó ń wádìí ohun tó pa èèyàn, láti wádìí ikú tó mú ìfura lọ́wọ́. Kí ẹbí pe àwọn àgbà jọ kí wọ́n sọ ọ́ kí wọ́n tó gbẹ́ sàréè. Mo mọ̀ pé kò rọrùn.

Ibo ni ẹ ó wá gbé ìwé náà lọ? Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé. Ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, ẹ béèrè ọ́fíìsì SERVICOM, ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn aráàlú. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ máa ń tán síbẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ti owó tàbí ti ọ̀rọ̀ tí kò dára lẹ́nu. Bó bá jẹ́ ìwà dókítà gan-an, MDCN ni, àjọ tó ń forúkọ dókítà àti dókítà eyín sílẹ̀. Abuja ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, tàbí kí ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ, kí ẹ sì búra sí i ní kọ́ọ̀tù níwájú ẹni tó ń gba ìbúra. Ohun tí wọ́n ń pè ní àfídéfítì nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní àjọ tirẹ̀, apoògùn ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ẹ má kó wọn pọ̀ sínú ìwé kan. Bí ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ẹgẹrẹmìtì ní Èkó, HEFAMAA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé ìwòsàn níbẹ̀, ni kẹ́ ẹ lọ bá.

Bó bá jẹ́ MDCN ni ẹ kọ̀wé sí, ìgbìmọ̀ olùwádìí wọn ni yóò kọ́kọ́ gba ìwé yín. Wọn yóò fi ránṣẹ́ sí dókítà kó fèsì. Bí wọ́n bá rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, wọn yóò gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí tó ń jókòó bíi kọ́ọ̀tù. Ẹ má ní kí wọ́n fi ohun tí ẹ kọ pamọ́ fún dókítà. Ní 1968, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé ìdájọ́ tí wọ́n ṣe fún Dókítà Denloye torí pé wọn kò jẹ́ kó rí ẹ̀rí tí wọ́n gbà lòdì sí i. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà. Ìdájọ́ kan náà ló là á pé ẹ̀sùn tó bá jẹ́ ọ̀ràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé kọ́ọ̀tù. Nítorí náà, bí dókítà bá fipá bá obìnrin lò, ọlọ́pàá ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Kí obìnrin náà má tíì wẹ̀, kó má fọ aṣọ. Bó bá jẹ́ Èkó, Mirabel Centre ní Ìkẹjà yóò gbà á, yóò sì tọ́jú ẹ̀rí.

Bí wọ́n bá dá dókítà lẹ́bi, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, wọ́n lè ní kó lọ gbélé, kò sì lè ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí kí wọ́n kìlọ̀ fún un. Òun náà lè gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìgbìmọ̀ yìí kì í fún yín lówó. Bí ẹ bá fẹ́ owó gbà-má-bínú, kọ́ọ̀tù ni, ẹ ó sì wá lọ́yà. Ẹ tètè wá a o, torí òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún yín ní oṣù mẹ́ta péré láti pe ilé ìwòsàn ìjọba lẹ́jọ́. Mo ti rí ẹbí tó ń dúró de èsì MDCN títí oṣù mẹ́ta náà fi kọjá. Ẹ má dúró. Ẹ lè ṣe méjèèjì pọ̀.

Ojúlówó ìwé kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín, fótókọ́pì ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá pè yín wá jẹ́rìí, ẹ lọ, kí ẹ sì mú ìwé kékeré tí ẹ kọ aago sí lóru náà dání.