Agbọ́n tó jáde nínú òkú kòkòrò ẹ̀gẹ́: bí mo ṣe dá a mọ̀

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo lọ sí oko ẹ̀gẹ́ náà, lẹ́bàá Ìbàdàn, torí òjò ńlá máa ń fọ kòkòrò tí mò ń wá dànù. Ibi tó bá wà kì í fara sin. Orí ẹ̀gẹ́ á ṣù jọ, ewé rẹ̀ á ká kò, igi rẹ̀ á sì kúrú, á lọ́. Tú ewé yẹn, wàá bá kòkòrò wẹ́wẹ́ tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tí ìyẹ̀fun funfun bò lára. Phenacoccus manihoti lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì.

Àwọn tó wà láàyè kọ́ ni mo wá ní tèmi. Èyí tó ti kú ni mò ń ṣà, tó wú, tó le, tí àwọ̀ rẹ̀ ti di ti ilẹ̀ gbígbẹ. Agbọ́n kékeré kan ló ti yé ẹyin sínú irú wọn. Ìdin agbọ́n á jẹ inú kòkòrò náà tán pátá, á sì fi awọ rẹ̀ ṣe ilé títí yóò fi di agbọ́n.

Bàbá tó ni oko dúró tì mí. Ó ní, “Òkú kòkòrò lo fẹ́ kó lọ sílé ìwé?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ohun tó pa á ṣì wà nínú rẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kó o tán, kí n ṣáà fi ẹ̀gẹ́ òun sílẹ̀.

Ìgò kékeré tirẹ̀ ni mo fi òkú kọ̀ọ̀kan sí, mo fi òwú dí i lẹ́nu. Iṣẹ́ tó ń gba sùúrù ni, àmọ́ mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó dára jù ú lọ. Bí mo bá da gbogbo wọn pọ̀, tí oríṣi agbọ́n méjì jáde, ta ni yóò sọ èyí tó ti inú èwo wá? Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọjọ́ àti oko sórí bébà tó wà nínú ìgò, torí ọtí máa ń fọ yíǹkì báírò.

Nígbà tó yá, àwọn agbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé ihò róbótó jáde. Dúdú ni wọ́n, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà kan lọ. Ẹni tó bá gbọ́ “agbọ́n” á rò pé ó ń ta èèyàn, àmọ́ ẹyin ni eléyìí ń fi abẹ́rẹ́ ìdí rẹ̀ yé. Mo kó wọn sínú ọtí ethanol ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo lẹ díẹ̀ mọ́ ṣóńṣó páálí kékeré, mo sì tẹ́ ìyẹ́ àti ìwo àwọn mìíràn sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, mo bẹ̀rẹ̀ láti ara ohun tó hàn jù. Ìyẹ́ rẹ̀ kò ní iṣan púpọ̀, ìwo rẹ̀ ṣẹ́ po bí ìgbọ̀nwọ́. Ẹgbẹ́ àyà rẹ̀ jẹ́ pátákó ńlá kan ṣoṣo tó yọ síta. Ẹsẹ̀ àárín ní ẹ̀gún gbọọrọ tó fi ń fò. Irun gígùn tó máa ń wà níparí ikùn ọ̀pọ̀ agbọ́n ti sún síwájú dé ẹ̀gbẹ́ ikùn eléyìí. Gbogbo èyí tọ́ka sí ẹbí Encyrtidae. Ìwo abo ló gbé mi dé Anagyrus, ìsọ̀rí kan nínú ẹbí yẹn: oríkèé rẹ̀ àkọ́kọ́ fẹ̀, ó tẹ́ bí ewé, dúdú àti funfun sì pín in láàárín. Ti akọ tẹ́ẹ́rẹ́, irun gígùn sì kún un. Ẹni tí kò bá rí akọ àti abo kí wọ́n jáde láti inú kòkòrò kan náà á búra pé ẹ̀yà méjì ni. Akọ sábà máa ń ti inú kòkòrò kéékèèké jáde, abo máa ń ti inú àwọn tó sanra. Ìyá wọn ń wo ìwọ̀n kí ó tó pinnu ẹyin tí yóò yé. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀.

Àwọn ìgò kan mú ohun tí mi ò ní lọ́kàn jáde. Agbọ́n inú wọn kò ní ìbàdí rárá, àyà rẹ̀ so mọ́ ikùn gbọngbọn. Ìyẹ́ rẹ̀ pá ní àárín, orí ìwo rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan gbọọrọ tí kò ní oríkèé. Chartocerus ni, ẹbí Signiphoridae. Ìdin agbọ́n àkọ́kọ́ ni òun ń jẹ. Bí mo bá ti kọ pé gbogbo agbọ́n tó jáde ló ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, irọ́ ni ìwé mi ì bá pa.

Kòkòrò ẹ̀gẹ́ náà tún gba àyẹ̀wò tirẹ̀, torí ìtàn rẹ̀ ò jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀. Ilẹ̀ Congo ni wọ́n ti rí i ní Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979, ó sì ti ibẹ̀ tàn ká. Wọ́n wá ọ̀tá rẹ̀ ní àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n rí kòkòrò tó jọ ọ́ gan-an, àmọ́ àwọn agbọ́n rẹ̀ kò ṣe dáadáa lórí ti Áfíríkà. Lọ́dún 1981, àwọn onímọ̀ kòkòrò méjì, Cox àti Williams, fi hàn pé ẹ̀yà mìíràn ni: ó ní akọ, ti Áfíríkà ò ní. Wọ́n sọ ọ́ ní Phenacoccus herreni, nítorí Hans Herren, tó ń darí iṣẹ́ náà ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Ìbàdàn. Lọ́dún kan náà ni onímọ̀ kòkòrò Anthony Bellotti rí kòkòrò ẹ̀gẹ́ gidi ní Paraguay, pẹ̀lú agbọ́n rẹ̀. Agbọ́n náà gba London kọjá fún àyẹ̀wò, wọ́n sì tú u sílẹ̀ n'Ìbàdàn kí ọdún 1981 tó parí.

Mo fi ti èmi wé àwọn tí onímọ̀ ti dárúkọ, nínú àkójọ kòkòrò IITA ní Abomey-Calavi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọnú. Ìwo bá ara wọn mu, ìyẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Mo wá kọ bébà abẹ́ rẹ̀: Anagyrus lopezi (De Santis, 1964), abo, láti inú Phenacoccus manihoti, lórí ẹ̀gẹ́. Orúkọ De Santis wà láàárín àmì àkámọ́ torí Apoanagyrus ló pè é nígbà tó ṣe àpèjúwe rẹ̀. Àwọn mìíràn tún pè é ní Epidinocarsis lẹ́yìn náà, ìyẹn lẹ ṣe máa bá a pẹ̀lú orúkọ yẹn nínú ìwé àtijọ́. Ìgò àwọn aláìníbàdí ṣì ń jẹ́ Chartocerus sp. lọ́dọ̀ mi, ìyẹn ni pé mi ò tíì mọ ẹ̀yà Chartocerus tí wọ́n jẹ́.