Bí Mo Ṣe Mú Sọ́fítíwíà Àtijọ́ Ilé Oúnjẹ Kan Ṣiṣẹ́ Lórí Windows 11

Sọ́fítíwíà tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ yìí kò sí lórí igbá ẹnikẹ́ni lọ́jà. Ẹnì kan ló fi Visual Basic 6 (èdè tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà) kọ ọ́ fún ilé oúnjẹ kan n'Íbàdàn láyé ìgbà tí Windows XP ń jọba, ẹni náà sì ti kọjá sí òkè òkun tipẹ́. Kì í ṣe POS tí wọ́n fi ń fa káàdì ni mo ń wí o. Èyí tó wà lórí káńtà ni, tí kaṣíà fi ń kọ ohun tí oníbàárà rà, tó ń tẹ rìsíìtì, tó ń ṣí àpótí owó, tó sì ń ṣírò ọjà lálẹ́. Gbogbo oúnjẹ ló ní bọ́tìnì tirẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù: F2 ni àmàlà, F3 ni iyán, F6 ni ṣàkì, F7 ni pọ̀nmọ́. Kaṣíà tó wà níbẹ̀ kì í wo kíbọ́ọ̀dù mọ́. Kí oníbàárà tó sọ "àmàlà méjì, ṣàkì kan, pọ̀nmọ́ méjì" tán, iye owó ti jáde.

Ìdí nìyẹn tí ìyá tó ni ilé oúnjẹ náà fi kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kó ra tuntun. Àwọn tuntun tí wọ́n gbé wá fún un, oṣooṣù ni wọ́n ń gbowó, òmíràn ò sì ní í ṣiṣẹ́ bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti lọ. Lójú tèmi, ó jàre. Àmọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà ti ń kú lọ. Fáànù rẹ̀ ń pariwo bí ẹ̀rọ ata, háàdì díìsìkì rẹ̀ sì jẹ́ irú tó ń lo wáyà IDE fẹ̀ẹ̀, tí ẹ ò lè rí mọ́ àfi àlòkù. Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe XP dúró. Mummy ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kékeré kan tó ní Windows 11 nínú, wọ́n sì gbé e sórí káńtà.

Kí wọ́n tó pè mí, ẹnì kan ti gbìyànjú rẹ̀. Ó kó sọ́fítíwíà náà sínú Program Files (x86), ó sì ṣí, wọ́n bá sanwó fún un. Ìgbà tó di alẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣírò ni wàhálà dé: kaṣíà ṣí i pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, gbogbo ohun tó tà pé síbẹ̀. Máníjà ṣí i pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, kò rí nǹkan kan tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà. Ẹ mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń já sí nílé oúnjẹ. Nígbà tí mo débẹ̀, ohun tí ọmọbìnrin kaṣíà náà kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Mummy pé mi ò jí owó kankan."

Kò jí nǹkan kan. Láti ìgbà Vista ni Windows kì í ti í jẹ́ kí sọ́fítíwíà lásán kọ nǹkan sínú Program Files. Bó bá sì sọ fún sọ́fítíwíà àtijọ́ pé "rárá", sọ́fítíwíà náà á dojú dé, nítorí náà ńṣe ló máa ń tàn án. Á ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sínú ibi ìkọ̀kọ̀ kan fún olúkúlùkù ẹni tó bá lo kọ̀ǹpútà, á sì jẹ́ kí sọ́fítíwíà rò pé ibi tó fẹ́ kọ ọ́ sí gan-an ló kọ ọ́ sí. Ibi ìkọ̀kọ̀ yẹn wà lábẹ́ C:\Users, nínú fódà tó ń jẹ́ orúkọ ẹni náà, lẹ́yìn náà AppData\Local\VirtualStore. Ti máníjà tún burú sí i, torí pé wọ́n ti mú Run as administrator (àṣẹ tó ń fún sọ́fítíwíà ní agbára ọ̀gá, tí kò sì ní ẹ̀tàn yẹn nínú) fún un, nítorí náà fáìlì àkọ́kọ́ tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn ló ń kà. Mo ṣí fódà méjèèjì lójú Mummy. kanta.mdb, fáìlì tí sọ́fítíwíà ń kọ gbogbo ọjà sí, ló wà nínú ìkíní, kanta.mdb ló wà nínú ìkejì, ṣùgbọ́n aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kaṣíà jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí ti máníjà sì ti dúró síbi ọjọ́ tí wọ́n kó o sínú kọ̀ǹpútà. Mummy wò ó títí, ó yíjú sí ọmọbìnrin náà, ó ní, "Má bínú, ọmọ mi." Ẹ̀dà ti kaṣíà ni mo mú gẹ́gẹ́ bí ojúlówó.

Ibi tí gbogbo ènìyàn máa ń sáré lọ nínú irú iṣẹ́ yìí ni Compatibility, ètò tó ń jẹ́ kí Windows ṣe bíi ti àtijọ́ fún sọ́fítíwíà kan. Wọ́n á yan Windows XP (Service Pack 3), wọ́n á mú Run as administrator, wọ́n á sì máa gbàdúrà. Mi ò ní í bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ìyẹn ló máa yanjú ọ̀rọ̀. Sọ́fítíwíà ò bá Windows 11 ṣọ̀tá. Ibi tó ń kọ̀wé sí, ibi tó ń wá pírintà sí, àti àmì owó tó mọ̀ ni wọ́n ti yí padà mọ́ ọn lójú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ ti DOS tàbí ti Windows 3.1, 16-bit ni (ìran àtijọ́ nìyẹn, 32-bit ló tẹ̀ lé e kí 64-bit tó dé), Windows tó jẹ́ 64-bit kò ní í ṣí i láéláé, bẹ́ẹ̀ Windows 11 kò ní ẹ̀dà 32-bit. Àfi DOSBox tàbí VirtualBox, àwọn sọ́fítíwíà tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà àtijọ́ nínú kọ̀ǹpútà tuntun, fún irú ìyẹn. Ti Visual Basic 6 jẹ́ 32-bit, fáìlì msvbvm60.dll tó gbé e dúró ṣì ń bá Windows 11 wá, ẹ̀rọ Jet tó ń ka fáìlì .mdb náà sì ṣì wà níbẹ̀. Mo ro ti VirtualBox pẹ̀lú XP nínú rẹ̀, mo sì pa á tì: kaṣíà á máa tan kọ̀ǹpútà méjì láràárọ̀, XP tí kò rí àtúnṣe gbà mọ́ á sì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà àtijọ́, mo kó gbogbo fódà sọ́fítíwíà náà sórí flash méjì. Ẹ rí i dájú pé wọ́n ti pa sọ́fítíwíà náà kí ẹ tó kó o. Bí ẹ bá rí fáìlì kan tó ń jẹ́ kanta.ldb lẹ́gbẹ̀ẹ́ kanta.mdb, ẹnì kan ṣì ṣí i sílẹ̀ níbì kan. Mo tún lọ sínú C:\WINDOWS\system32 lórí XP yẹn, mo mú MSFLXGRD.OCX àti MSCOMCTL.OCX dání, àwọn ẹ̀yà tí sọ́fítíwíà náà ń yá lò kó tó lè ṣí.

Lórí kọ̀ǹpútà tuntun, mi ò sún mọ́ Program Files. C:\KANTA ni mo ṣí, mo sì kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, mo wá fi kanta.mdb ti kaṣíà rọ́pò èyí tó ti orí XP wá. Ẹni tó bá wọlé sí Windows lè kọ nǹkan sínú irú fódà bẹ́ẹ̀ láìsí ẹ̀tàn VirtualStore, kaṣíà àti máníjà á sì máa ka fáìlì kan náà. Sọ́fítíwíà náà ní fáìlì .INI kékeré kan tó ń sọ ibi tí kanta.mdb wà. Notepad ni mo fi ṣí i, mo sì yí àdírẹ́sì inú rẹ̀ padà sí C:\KANTA. Ẹ̀dà tí wọ́n ti kó sínú Program Files, mo yọ ọ́ kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà tún tẹ àwòrán rẹ̀ lórí síkírínì.

Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní Run-time error 339, pé MSFLXGRD.OCX kò sí níbẹ̀ tàbí kò forúkọ sílẹ̀. Mo ti ń retí ìyẹn, torí inú fódà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò ni ẹni àkọ́kọ́ kó tirẹ̀ sí. Mo da OCX méjèèjì sínú C:\Windows\SysWOW64, nítorí ibẹ̀ ni Windows yìí ń kó nǹkan 32-bit sí. Lẹ́yìn náà mo ṣí Command Prompt, ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún Windows, gẹ́gẹ́ bí administrator, mo kọ èyí láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀:

C:\Windows\SysWOW64\regsvr32 C:\Windows\SysWOW64\MSFLXGRD.OCX

Mo ṣe bákan náà fún èkejì. Ìforúkọsílẹ̀ yìí ló nílò agbára administrator, sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ kò nílò rẹ̀. Sọ́fítíwíà ṣí.

Mo ní kí kaṣíà tẹ ọjà kan wò. Gbogbo iye owó ló jáde pẹ̀lú àmì ìbéèrè níwájú: ?2,150.00. Mummy bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ló ń bi ta ní ìbéèrè?" Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé English (Nigeria) ni wọ́n yàn fún Windows tuntun náà, òun sì ń fún gbogbo sọ́fítíwíà ní ₦. Visual Basic 6 kò mọ̀ ju àwọn àmì inú code page 1252 (àkójọ àmì kékeré kan tí Windows àtijọ́ ń lò) lọ, ₦ kò sì sí nínú wọn, ló bá fi àmì ìbéèrè dípò. Mo tẹ intl.cpl sínú Run, mo wọ Additional settings, mo lọ sí Currency, mo pa ₦ rẹ́, mo fi N lásán síbẹ̀. Ẹ wo ètò ọjọ́ náà níbẹ̀: bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀, 5/3 tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta á di ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, ìṣírò oṣù á sì dàrú láìsẹ́ni tó mọ̀. Olúkúlùkù ẹni tó ń wọlé sí Windows ló ní ètò yìí lọ́tọ̀, nítorí náà mo ṣe é lábẹ́ orúkọ kaṣíà, mo tún ṣe é lábẹ́ ti máníjà.

Pírintà ló gba agbára mi jù. Epson TM-U220 ni, èyí tó ń fi ríbọ́ọ̀nù tẹ̀wé, tó máa ń ké kíríkírí. Ihò parallel gbọọrọ ló ní, kọ̀ǹpútà tuntun kò sì ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Mo ra wáyà tó ń sọ parallel di USB. Windows rí i, ó fún un ní pọ́ọ̀tì USB001, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà wa kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé ẹ̀. LPT1, orúkọ tí Windows ń pe ihò parallel àkọ́kọ́, ló mọ̀, LPT1 ló sì ń pè.

Báyìí ni mo ṣe bá wọn parí ìjà. Mo fi ọwọ́ yan pírintà nínú Windows, mo yan pọ́ọ̀tì USB001, mo sì yan Generic / Text Only dípò dráífà (sọ́fítíwíà tó ń darí pírintà) tó rẹwà, torí pé lẹ́tà lásán ni sọ́fítíwíà náà ń rán jáde. Mo mú pírintà náà ní share, ìyẹn ni pé wọ́n lè gba ojú ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kàn sí i, mo sọ ọ́ ní RISIITI. Mo fún orúkọ kaṣíà ní password, nítorí Windows kì í jẹ́ kí ẹni tí kò ní password gba ojú ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé, kódà bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ ló ń kàn sí. Lẹ́yìn náà, lábẹ́ orúkọ kaṣíà, mo ṣí Command Prompt lásán, mo so LPT1 mọ́ RISIITI (127.0.0.1 ni kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀):

net use LPT1: \\127.0.0.1\RISIITI /persistent:yes

Mo wá kọ echo E kaabo > LPT1. Ó dúró díẹ̀, ó ké, "E kaabo" jáde.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò ṣí Command Prompt yẹn gẹ́gẹ́ bí administrator. LPT1 tí ẹ bá so nínú ilé administrator, kaṣíà lásán kò ní í rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá so ó fún kaṣíà, tí ẹ wá mú Run as administrator fún sọ́fítíwíà, òun náà ò ní í rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá pírintà jìjàkadì títí ilẹ̀ fi ṣú, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Àpótí owó ò fún mi ní wàhálà. Ara pírintà ni wáyà rẹ̀ so mọ́, sọ́fítíwíà sì ń rán nọ́ńbà 27, 112, 0, 25, 250 sí pírintà, pírintà á sì ta á ṣí. Nígbà tí LPT1 ti jí, ó ta gbà-á.

Kí n tó gbowó, mo gbé kọ̀ǹpútà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì tún àwọn rìsíìtì àtijọ́ kan náà tẹ̀ lórí méjèèjì. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀kan láti ọdún 2019 àti ọ̀kan tó jẹ́ tuntun, torí pé ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020 ni VAT kúrò ní 5% tó di 7.5%. Oúnjẹ N2,000 ti ọdún 2019 gbọ́dọ̀ ní VAT N100, ti ìsinsìnyí gbọ́dọ̀ ní N150. Wọ́n bára mu. Ẹni tó kọ sọ́fítíwíà yìí gbọ́n, ó kọ VAT sílẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kí ti tuntun ba ti àtijọ́ jẹ́.

Torí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, mo ní kí wọ́n ra UPS, nítorí iná tó bá lọ nígbà tí .mdb ń kọ̀wé lọ́wọ́ lè ba fáìlì náà jẹ́. Mo tún kọ fáìlì .bat kékeré kan tí kaṣíà ń tẹ̀ lálẹ́, tó ń da kanta.mdb sórí flash. Flash méjì ni, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀kan sì máa ń bá Mummy relé.

Ó ku ilé ìdáná. Nígbà ayé XP, LPT2 ló ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ lọ sẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n wáyà USB kò yẹ kó gùn ju mítà 5 lọ, ilé ìdáná sì jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pírintà tó ń lo wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo dábàá, torí wáyà yẹn lè gùn tó mítà 100, a ó sì so LPT2 mọ́ ọn bí a ṣe so LPT1. Mummy ní kí n mú iye rẹ̀ wá. Títí dìgbà náà, ọmọ kan ló ń gbé tíkẹ́ẹ̀tì sáré lọ sáré bọ̀.