Bí Mo Ṣe Kó Owó Mi Lọ Síbi Tí Wọ́n Ti Ń San Èlé Gidi

Ìparí ọdún 2023 ni mo tú ìwé àkáǹtì mi wò nílé wa ní Houston. $12,000 tí mo fi ìnira tù jọ ti lo odidi ọdún kan ní báńkì, èlé tí wọ́n san lé e kò ju $1.20 lọ. 0.01%! Ó dùn mí wọra. Láti oṣù Keje ọdún náà ni Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti gbé èlé dé 5.25% sí 5.50%, báńkì tó bá sì tọ́jú owó sọ́dọ̀ wọn ń gba èlé tó lé ní 5%. Owó mi ń bímọ, ilé báńkì ni àwọn ọmọ ń gbé.

Báńkì ńlá tó ní ẹ̀ka káàkiri mọ̀ pé àwa oníbàárà kì í ṣí kúrò, kí ló máa fi kún èlé sí? Àwọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò ní ẹ̀ka tí wọ́n ń náwó lé, èlé ni wọ́n fi ń fa èèyàn mọ́ra. Mo rí èyí tó ń san 4.30%. Mo yẹ credit union wò pẹ̀lú, àwọn tó dà bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, tó jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ ló ni wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tó wà ládùúgbò mi kò san tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, torí oṣù Kẹta ọdún yẹn ni Silicon Valley Bank wó. Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo wá orúkọ báńkì tuntun náà lórí BankFind, ìkànnì FDIC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo owó tó wà ní báńkì. Bí báńkì tó wà níbẹ̀ bá wó, FDIC á san owó oníbàárà kọ̀ọ̀kan padà, títí dé $250,000. Ẹ má fo ibí yìí o.

Mo kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà Social Security mi (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fúnni), kò pẹ́ rárá. Wọ́n fi sẹ́ńtì díẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi àtijọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ní láti sọ iye tí mo rí kí wọ́n lè gbà pé èmi ni mo ni ín. Mo fi $100 dán an wò. Nígbà tó wọlé, mo fi $11,400 tẹ̀ lé e ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọkàn mi ò sì balẹ̀ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun: owó kì í rìn láàárín báńkì báyẹn ní òpin ọ̀sẹ̀. $500 tó kù ni mo fi sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó oṣù mi ń wọ̀, báńkì tuntun náà kì í sì í gba owó bébà lọ́wọ́ èèyàn.

Èlé oṣù àkọ́kọ́ lé ní $40. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Dallas lálẹ́ ọjọ́ náà: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iye tí wọ́n ń san fún yín." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. 0.01% ni tiwọn náà.