Bí mo ṣe gbin ewé eéran sábẹ́ kòkó, àti ìyà tí hóró rẹ̀ fi jẹ mí

Ẹni tó bá ń ra ewé eéran lọ́jà á mọ ohun tó ń bí mi nínú. Ewé ńláńlá ni wọ́n fi ń bo ẹ̀yìn ìdì. Tú u báyìí, àárín kún fún èyí tó ya, èyí tí kòkòrò ti lu, èyí tí kò lè pọ́n mọ́ínmọ́ín kan ṣoṣo. Owó ewé wá fẹ́ máa bá owó ẹ̀wà dọ́gba, bẹ́ẹ̀ igbó tí wọ́n ti ń já a lọ́fẹ̀ẹ́ ti di ilé. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbìn ín sábẹ́ kòkó tó ti gbó, níbi tí òjìji kò ti jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ṣe dáadáa.

Eéran kò ní igi. Gbòǹgbò rẹ̀ ló ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ lọ́dọọdún, tí ewé kọ̀ọ̀kan ń gba ara rẹ̀ yọ lórí ọ̀pá tirẹ̀. Ọ̀pá náà lè ga ju mítà 3 lọ, ewé lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60. Níbi tí ọ̀pá ti pàdé ewé, oríkèé kan wú díẹ̀ síbẹ̀: òun ló ń yí ojú ewé sí ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó ń jò wọlé láàárín igi. Gbìn ín sí gbangba oòrùn, ewé á pọ́n, etí rẹ̀ á gbẹ, kò sí ẹni tó máa rà á. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta gbòdògì fún yín lórúkọ eéran. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wò: òdòdó àti èso eéran ń yọ lẹ́bàá ilẹ̀, ti gbòdògì ń yọ lókè lára ọ̀pá.

Ríro abẹ́ kòkó kò nílò àlàyé. Hóró ló fa wàhálà.

Mo fẹ́ fi hóró bẹ̀rẹ̀ torí owó gọbọi tí wọ́n ń pè lórí gbòǹgbò. Láti January títí dé àárín April ni èso ń pọ́n: pupa, onígun mẹ́ta, hóró dúdú kan sí mẹ́ta nínú. Ohun kan tó mọ́ gaara, tó ń yọ̀ bí ilá, ló bo hóró yíká. “Rẹ ẹ́ sómi,” ni gbogbo ènìyàn ń wí. Irọ́ ni! Ọ̀yọ̀ yẹn ń mu omi ni, ó lè mu tó ìlọ́po mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀. Omi díẹ̀ tí o bù sí i lálẹ́ á di kìkì ọ̀yọ̀ kó tó di àárọ̀, hóró á sá sáàárín rẹ̀, ọwọ́ kò ní rí i mú. Dà á sínú asẹ́, kò ní kọjá. Fi ọṣẹ sí i, o tún dá kún un ni.

Iyanrìn gbígbẹ ló ṣẹ́gun rẹ̀, èyí tí kò kúnná. Kó hóró tuntun sínú àpò ìdọ̀họ, bu iyanrìn tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lé e, kí o gbo ó títí iyanrìn á fi di mọ́ ọ̀yọ̀. Dà á nù, pààrọ̀ iyanrìn, tún gbo ó. Ìgbẹ̀yìn ni omi, fífọ̀ kíákíá.

Kí o tó gbo ó, yọ ohun funfun rírọ̀ tó wà ní ìdí hóró sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà, purotéènì tí wọ́n ń pè ní thaumatin, tó dùn tó ìlọ́po 2,000 sí 3,000 ṣúgà ní ìwọ̀n kan náà. W. F. Daniell, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ̀wé nípa èso náà ní 1855, pé àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń mú oúnjẹ àgbàdo àti ẹmu tó ti kan dùn. Ní 1972, wọ́n yọ thaumatin sọ́tọ̀ ní Netherlands. Lónìí E957 ni àmì rẹ̀ lára oúnjẹ ní Yúróòpù. Àwa ń já ewé, à ń tẹ èso mọ́lẹ̀! Ìyẹn tún bí mi nínú ju ìdì ewé lọ.

Èèpo hóró tún le. Mo fi sáńpépà ha ẹ̀yìn rẹ̀ títí dúdú fi ṣí díẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni n kò fọwọ́ kàn, torí ibẹ̀ ni èéhù ń gbà jáde. Ilẹ̀ dúdú inú igbó àti iyanrìn, ìdajì sí ìdajì, ni mo pò sínú ọ̀rá, mo sì rì hóró wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 2. Oṣù méjì, mẹ́ta, kò jẹ́ nǹkan kan fún un. Èyí á hù, ẹnìkejì rẹ̀ á ṣì máa sùn. Má tíì da ọ̀rá nù: fi ìka tẹ hóró wò. Bó bá ṣì le, fi í sílẹ̀. Bó bá fọ́, tó ń rùn, ó ti jẹrà, omi tó dúró ló sì sábà máa ń fà á.

Gbòǹgbò kò mọ gbogbo ìyẹn. Ká ní mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, n bá san owó náà, kí n sì sinmi. Èyí tó le, tí èéhù rẹ̀ ṣì mú ṣónṣó, ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n dì pa sínú ọ̀rá nínú oòrùn ti ń rà látinú. Gé e kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oríkèé mẹ́ta àti èéhù kan, ó kéré tán. Gé ewé rẹ̀ kúrò, tẹ́ ẹ ní bùúbùú sínú ilẹ̀ ní April tàbí May, erùpẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 5 péré lórí rẹ̀, mítà 1 sí ara wọn, kí o sì fi ewé kòkó gbígbẹ bò ó. Abẹ́ kòkó mi ti ṣú báyìí, koríko kò ríbi hù mọ́. Ẹ wá wò ó!

Ọ̀bẹ ni kí ẹ fi gé ọ̀pá, ẹ má fà á tu. Ẹ fi ewé tuntun tó ṣì ká jọ sílẹ̀, pẹ̀lú ewé méjì tàbí mẹ́ta ní ojúkò kọ̀ọ̀kan. July sí October ni òdòdó pọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni òdòdó kọ̀ọ̀kan ń ta: bí oyin bá kàn án, ọ̀pá kékeré inú rẹ̀ á ká lójijì, á gba lẹ́búlẹ́bú tó wà lára oyin. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń já ewé ló kọ́kọ́ kàn án, ó ti ta dànù, èso kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń já ewé láti etí oko nìkan ní àsìkò yẹn, n kì í sì í fọ́n oògùn kòkòrò sí kòkó láàárọ̀ tí oyin ń jẹ̀.