Bí a ṣe ń ṣán abẹ́ igi nínú oko tíìkì kékeré

Ẹni tó gbin tíìkì sí ilẹ̀ kékeré kan tó sì fi í sílẹ̀ fún òjò ọdún méjì, igbó ni yóò bá níbẹ̀. Ewé Akíntọ́lá á ti ga ju èèyàn lọ, ìtàkùn á ti gun igi dé orí. Oko náà ò tíì bàjẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ gan-an ni kí a kó lébìrà wọ̀ ọ́, kí wọ́n ṣán gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, kí wọ́n sì dáná sun ún.

Àsìkò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìgbà ọyẹ́ ni ewé Akíntọ́lá ń tanná, atẹ́gùn ló sì ń gbé hóró rẹ̀ kiri. (Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, wọ́n ní àárín irúgbìn igi Gmelina ló fara pamọ́ sí dé Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937.) Ẹ ṣán an lóṣù kẹwàá, kó tó tanná. Ilẹ̀ ṣì tutù nígbà yẹn, kékeré inú rẹ̀ á ṣeé fà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Èyí tí ẹ bá kàn bẹ́ lórí yóò tún rú.

Ẹ wọ bàtà òjò, ṣòkòtò gígùn àti aṣọ alápá gígùn. Ẹ mú àdá tó mú, fáìlì, ọkọ́, àti igi tó ní ìkọ́ lẹ́nu. Igi yìí lẹ ó fi máa gbé koríko sókè kí ẹ tó ṣán an, nítorí ejò: ọwọ́ ò gbọdọ̀ lọ síbi tí ojú ò rí.

Ẹ rìn yí oko ká kí àdá tó dìde. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ gbogbo tíìkì tó ṣì kéré. Lójú tèmi, àdá ń pa ọmọ igi ju bí koríko ṣe ń pa á lọ. Ibi tí èèpo bá ti bó ni ìdíbàjẹ́ ti ń wọlé. Bí ẹ bá rí wèrèpè tí èso rẹ̀ ti gbẹ, ẹ má ṣe dúró síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ.

Ìdí igi ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọkọ́ ro ó yípo ní nǹkan bíi mítà 1, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣán àárín ìlà. Ìtàkùn ńkọ́? Ẹ gé e nísàlẹ̀, kí ẹ fi tòkè sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fà á ní tútù, orí igi lè bá a já.

Ọmọ ìrókò, arère tàbí àyìnrẹ́ tó bá hù fúnra rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ dá a sí. Owó ò tètè rí irú rẹ̀ rà mọ́.

Ẹ tẹ́ koríko tí ẹ ṣán sáàárín ìlà, kó má kan ìdí igi. Yóò jẹrà, yóò sì bo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ro etí oko mọ́ fónífóní, ó kéré tán mítà 3, kí ọyẹ́ tó dé. Tíìkì ń wọ́wé lọ́gbẹlẹ̀, iná tí aládùúgbò bá sì dá lóko rẹ̀ kì í mọ ààlà.

Èkan nìkan ni àdá ò ràn. Ìdí rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, ọkọ́ ni kí ẹ fi hú u. Bí ẹ bá fẹ́ lo oògùn apakoríko, ẹ má fín in nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́, kó má bà lé ewé tíìkì. Ẹ padà wá ṣán oko lóṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún títí orí àwọn igi yóò fi pàdé. Èkan kì í pẹ́ lábẹ́ òjìji.