Yíyí orúkọ ìsopọ̀ dátábéèsì padà nínú SQL Server Management Studio
Kò pọn dandan kí ẹ pa ìsopọ̀ tí ẹ ti fi pamọ́ sínú Registered Servers (àtòjọ àwọn sáfà tí ẹ ti fi pamọ́ nínú SQL Server Management Studio, ètò tí a fi ń bójú tó dátábéèsì) rẹ́ kí ẹ tó lè fún un ní orúkọ mìíràn. Ẹ tẹ Ctrl+Alt+G láti ṣí àtòjọ náà, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ ìsopọ̀ náà, ẹ mú Properties, kí ẹ sì kọ orúkọ tuntun sí àyè Registered server name nìkan. Àyè Server name ni àdírẹ́sì gan-an wà, ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn. Orúkọ tí ẹ kọ, tí ó sàn kí ó sọ iṣẹ́ tí sáfà náà ń ṣe, jẹ́ àmì lásán tí kò yí ohunkóhun padà lórí sáfà fúnra rẹ̀. Àmọ́ ṣá, orúkọ àtilẹ̀wá, èyí tó wà ní àyè Server name, ni Object Explorer (apá tí ń fi àwọn sáfà tí ẹ ti sopọ̀ mọ́ hàn) yóò ṣì máa fi hàn.