Ìrírí mi: Ọ̀dà pupa ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ wa

Agolo ọ̀dà pupa kan péré ló dá iṣẹ́ wa dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A fẹ́ ka àwọn ìdílé tó wà ní àdúgbò apẹja kan létí ọ̀sà Èkó, ká lè mọ ohun tí wọ́n máa pàdánù bí ìjọba bá lé wọn. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà sára ògiri pákó. Ilé 37 la kọ dé tí ariwo fi sọ.

Ẹni tó bá ń gbé Èkó mọ̀ pé bí wọ́n bá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé ẹni, katakata tó ń wó ilé ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìjọba wó Maroko ní oṣù Keje 1990, wọ́n wó apá kan Makoko ní oṣù Keje 2012, Otodo Gbame náà lọ láàárín 2016 sí 2017. Ta ló fẹ́ jókòó kí ọ̀dà náà gbẹ? Àwọn ará àdúgbò gba ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ wa, wọ́n ní ká máa lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ká ní a bi ìyá kan ṣoṣo tó ń yan ẹja níbẹ̀, ì bá ti ní ká ra ṣọ́ọ̀kì funfun.

Mi ò ní sọ bí a ṣe lọ bẹ baálẹ̀; ẹni tó mọ ilé baálẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó gbé dání. Nígbà tí a padà lọ, pépà òfìfo la gbé lọ. Àwọn fúnra wọn yan èèyàn 12, ọkùnrin kan àti obìnrin kan láti apá kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fà tí àdúgbò pín sí. A ò bá wọn dá sí i.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi jọ tún ìbéèrè kọ, ibẹ̀ sì ni ojú ti tì wá. A ti kọ “iye tó ń wọlé lóṣù”. Apẹja kì í ka owó lóṣù, iye tó bá délé lọ́jọ́ tó wọ omi ló mọ̀. A ti kọ “ilé”. Wọ́n ní ilé kan lè ní ìdílé mẹ́ta, ìkòkò ọbẹ̀ ni ká kà. A ń lọ láàárọ̀. Àárọ̀ ni àwọn obìnrin ń ta ẹja, tí àwọn ọkùnrin ń sun oorun ìṣọ́ òru. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló dára. Ìwé ìyọ̀ǹda tí a fi owó gidi tẹ̀ ní Yorùbá kò wúlò fún ọ̀pọ̀ wọn, nítorí Ègùn ni wọ́n ń sọ nílé. A gba ohùn ẹnì kan sórí fóònù, a sì ń gbé e fún wọn gbọ́.

Ìgbà yẹn ni wàhálà owó wá dé.

Nínú ìwé tí a kọ́kọ́ fi sílẹ̀, “àwọn tí a máa wádìí” ni àwọn èèyàn yìí. Ẹni tí à ń wádìí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́, àfi owó ọkọ̀, ₦3,000. Àdéhùn tí a bá wọn ṣe sì ni ₦12,000 lójúmọ́ fún olúkúlùkù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìyẹn ₦1,296,000 lápapọ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí ní ká tún gbogbo ìwé kọ. Ẹ̀ka ìṣúná ní kí olúkúlùkù mú nọ́ńbà àkáǹtì wá. Márùn-ún ò ní. Orúkọ àwọn méjì lórí NIN kò bá ti báǹkì mu. Mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ̀ka ìṣúná jẹ́ kí n kó owó náà lé wọn lọ́wọ́, wọ́n kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ 16 la fi ń lọ tí à ń bọ̀. Méjì nínú wọn padà sójú omi, mi ò sì lè bá wọn wí. Ẹgbẹ́ àjọ àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ló gbà wá níkẹyìn: wọ́n ní àkáǹtì ẹgbẹ́, owó gba ibẹ̀ kọjá, olúkúlùkù sì tẹ ìka síwájú orúkọ ara rẹ̀.

Iṣẹ́ gan-an ò le. Méjì méjì ni wọ́n ń rìn, orí fóònù ni wọ́n ń kọ ọ́ sí pẹ̀lú KoboToolbox, ètò ìkójọ ìdáhùn tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdílé 512 la kà. Nígbà tí a lẹ àwòrán àdúgbò mọ́ ògiri kí gbogbo ará àdúgbò wò ó, wọ́n tún ilé 31 ṣe, wọ́n sì ní ká má ṣe gbé ojú ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan wà jáde, kí katakata má baà fi í mọ̀nà. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ yẹn wù mí títí dòní.

Bí mo bá máa tún un ṣe, orúkọ wọn máa wà nínú ìwé àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí olùwádìí, owó iṣẹ́ wọn á sì wà lábẹ́ owó iṣẹ́ nínú ètò ìnáwó, kì í ṣe lábẹ́ owó ọkọ̀. N óò béèrè ẹgbẹ́ àjọ wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀ka ìṣúná ṣì ń béèrè rìsíìtì ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé ọmọdé tó ń fi àjẹ̀ wà wá kiri ń tẹ ìwé owó.